Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Kò Tíì Gbó

Bí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá mi léèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, èsì kan ṣoṣo ló máa ń fọ̀: "Iṣẹ́ omi ló ń ṣe." Kò parọ́. Omi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omi tí gbogbo èrò inú ọgbà kan ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọ abọ́, tí wọ́n sì ti fi ṣan ìgbẹ́ wọn lọ ni. Bàbá mi kì í sọ èyí tó kù yẹn. Àgbẹ̀ ni, alàgbà ni nínú ìjọ, kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa yí imú bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

Mo kàwé olùkọ́ ní Òrò. Mo gba ìwé-ẹ̀rí, mo fi í sínú fáìlì, mo gbé fáìlì náà káàkiri láti Ìgbàjà dé Èsìẹ́ títí etí rẹ̀ fi gé. Kò sí ilé-ìwé tó pè mí padà. Nígbà tí ọgbà ńlá kan lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán ń wá ẹni tí yóò máa kọ ìwé ojoojúmọ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí, mo lọ. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti fi bírò sílẹ̀, mo ti di ṣọ́bìrì mú. Ènìyàn ò tó, èmi náà ò sì jẹ́ ẹni tó lè jókòó sórí àga kí n máa kọ iye ìgbà tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Omi ìdọ̀tí máa ń gba inú páìpù sọ̀kalẹ̀ wá sínú àwọn táǹkì wa. A óò jẹ́ kó tòrò níbẹ̀. Omi á dúró lókè, ohun tó wúwo á sì rọ̀ sísàlẹ̀, bí ògì ṣe máa ń ṣe nínú ìkòkò. Omi orí rẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi. Àwọn tó kàwé rẹ̀ ní orúkọ gígùn fún un. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwa ń pè é. Bí a kò bá kó o, táǹkì á kún, gbogbo ọgbà á sì mọ̀ pé a wà láyé. A máa ń fà á jáde sórí àwọn bẹ́ẹ̀dì tí a fi yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́. Oòrùn á máa mu omi rẹ̀ látòkè, yanrìn á máa mu ún látìsàlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kì í pẹ́ tó fi ń sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Nígbà náà ni a óò fi ṣọ́bìrì gé e, a óò kó o sábẹ́ àtíbàbà, a óò tò ó ní òkìtì, a óò sì fi í sílẹ̀.

Fífi í sílẹ̀ yẹn ni olórí iṣẹ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Mùsùlùmí àgbàlagbà kan ni, ará Ìlọrin, gbogbo wa sì ń pè é ní Alùfáà nítorí pé òun ló máa ń ṣáájú àwọn tó ń kírun níbi iṣẹ́. Òfin rẹ̀ ni pé òkìtì kan gbọ́dọ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn méjì kọjá kó tó kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Bó bá sì gbó tán náà, ìdí igi tíìkì àti ìdí òdòdó ló ń lọ. Kò gbọdọ̀ dé ìdí ohun tí ènìyàn ń jẹ, pàápàá ohun tó ń ta nínú ilẹ̀. "Ẹyin aràn kì í yára kú," ni ó máa ń wí. "Ó lè dákẹ́, kó o rò pé ó ti kú."

Ó ní ọ̀nà tó fi ń mọ̀ pé òkìtì ti gbó. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi omi rin ín, á dà á sínú agolo mílíìkì, á fi ọ̀rá dé e pinpin, á sì gbé e sórí fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ keje, á ṣí i, á gbé imú sí i. Bó bá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó gbó nìyẹn. Bó bá ń rùn bí ibi tó ti wá, á dà á nù, á sì ní kí a padà lẹ́yìn òkìtì. Èmi tí mo kàwé ni wọ́n ní kí n kọ òfin yìí sára ògiri, mo sì fi ọwọ́ olùkọ́ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pẹ̀lú ọ̀dà dúdú. Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dà mí láàmú lórí àwọn bẹ́ẹ̀dì náà. Tòmátì máa ń hù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Inú àwọn tó jẹ ẹ́ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ó bá hù, ewé rẹ̀ á dú, ọmọ rẹ̀ á pọ́n, á tóbi, á dára ju ti ọjà lọ. Àràárọ̀ ni Alùfáà máa ń fà wọ́n tu. Èmi a máa dúró wò wọ́n kí n tó bá a fà wọ́n tu. Bí mo bá ń wò wọ́n báyìí, ilẹ̀ bàbá mi ni mo máa ń rántí.

Ojú ọ̀nà Agbamu ni oko bàbá mi wà. Bàbá rẹ̀ ti ro ó, òun náà ti ro ó láti ìgbà èwe rẹ̀, ilẹ̀ náà sì ti rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ló ń kọ ebè fún un nítorí orókùn tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gbin ebu rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a gbìn ín. Ìdí rẹ̀ ni ìkórè.

Nínú ìjọ wa, bí ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè bá kò, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iṣu tó dára jù nínú oko rẹ̀ wá síwájú. A kì í gbé iṣu ọjà wá. Pásítọ̀ á bi í níwájú gbogbo ìjọ pé, "Ọwọ́ ta ló gbìn ín?" Àgbẹ̀ náà á dáhùn pé, "Ọwọ́ mi ni, Ọlọ́run ló mú un ta." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè gbé e kalẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi. Mo rò pé èdè lásán ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kíni ẹ kú àárọ̀.

Lọ́dún kan, iṣu tí bàbá mi gbé síwájú kò ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Ó dáhùn ìbéèrè náà, ó gbé e kalẹ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn wí pé, "Alàgbà, ṣé iṣu nìyí ni, àbí ọ̀pá rẹ̀ lẹ gbé wá?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orókùn, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán tí mo gbé síwájú rẹ̀. Nígbà tó yá ló sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀ ti kọ̀ mí," ni ó wí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, ó sì dùn mí débi pé mo bínú. Inú bí mi sí ilẹ̀ náà, inú bí mi sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, inú sì bí mi sí òkìtì tó wà lábẹ́ àtíbàbà wa tó ń dúró de igi tíìkì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Alùfáà lọ sí Ìlọrin fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtíbàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò lè dé ìdí òkìtì tó ti gbó. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo gé èyí tó ti sán lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ìkangun, mo kó o kún àpò ìrẹsì méjì, mo gbé e sórí ọ̀kadà. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé eérú ni. Mo wí fún ara mi pé ó ti gbẹ, pé ohun tó bá ti gbẹ ti kú. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi ni mo kọ òfin sára ògiri.

Ní oko, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi máa ń fún mi lẹ́yìn tó bá gbin ebu tán: kí n fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí oòrùn má baà se ebu nínú ilẹ̀. Bí a bá ti dé ebè tán báyìí, ẹnìkan kì í ṣí i mọ́ títí iṣu á fi yọ. N kò lè rí ibi ìfipamọ́ tó dára ju ìyẹn lọ. Ní gbogbo orí ebè, mo ro ilẹ̀ díẹ̀, mo bu igbá kan sí i, mo fi ilẹ̀ bò ó, mo sì fi koríko dé e. Bàbá mi jókòó sábẹ́ igi kajú lókèèrè, ó ń kí mi kú iṣẹ́.

Iṣu náà yọ, ó sì fà. Ewé rẹ̀ dú bí ewé àwọn tòmátì yẹn. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sóko lọ́jọ́ tí kò níṣẹ́ níbẹ̀, ó kàn ń lọ wò ó ni. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, ṣùgbọ́n bàbá mi kò fọwọ́ bo nǹkan kan. Ó mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo oko. Ó ń kọrin nínú ilé. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń dán, inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àwọn méjèèjì ni mo jọ ń gbé kiri.

Lọ́jọ́ ìkórè, iṣu mẹ́rin ló gbé wá dípò ẹyọ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó itan. Pásítọ̀ bi í léèrè ọwọ́ ẹni tó gbìn ín. Bàbá mi dúró ṣánṣán, orókùn àti gbogbo rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni," ni ó wí, "Ọlọ́run ló mú un ta." Ó sì fi kún un, ohun tí kò ṣe rí, pé ilẹ̀ tó ti kọ òun tẹ́lẹ̀ ti gba òun padà, pé kí ìjọ bá òun dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́. Mo jókòó sí ìlà kẹta, n kò lè gbé ojú sókè.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pín iṣu fún àwọn àgbà opó. Bí mo ti ń jáde, mo rí ìyá arúgbó kan lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọ̀kan nínú iṣu bàbá mi lé itan, ó ń fi èékánná họ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń fi ọwọ́ kan náà nu ẹnu. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi ní kí n kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún Alùfáà. Ó ń ṣí agolo lọ́wọ́. Ó gbé agolo náà kalẹ̀.

"Iṣu tí a bá sè kì í ṣeni ní nǹkan," ni ó wí. "Iná á pa ohun tó bá wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bó o ńkọ́? Ọ̀bẹ tó bó o ńkọ́?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tí mo kọ́ ẹ kò ju ìyẹn lọ." Ó dé agolo náà padà. "Lọ sọ fún ẹni tó ni iṣu. Lọ nísinsìnyí. Bó o bá padà dé, gbé ṣọ́bìrì ẹ wá fún mi."

Bàbá mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àpò méjì, bẹ́ẹ̀dì ìkangun, abẹ́ koríko. N kò mọ̀ bóyá ó yé e, nítorí pé ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Kí ni gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún?"

"Ohun tó kù nísàlẹ̀ omi ìdọ̀tí ni, Bàbá."

"Ìgbẹ́?"

"Ìgbẹ́ ni, Bàbá. Kò sì tíì gbó."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. "Mo ní ọwọ́ mi ni," ni ó wí. "Níwájú Ọlọ́run ni mo ti sọ ọ́. Ìwọ náà wà níbẹ̀. O jókòó, ò ń wò mí."

Ó wù mí kó gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó dìde, ó mú fìlà, ó mú ọ̀pá, ó ní, "Dìde. Ilé àwọn wo ni wọ́n gbé e lọ?"

Ilé mẹ́rin ni. A fi ẹsẹ̀ rìn ín, nítorí pé kò gbà kí n pe ọ̀kadà. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó kí wọn kú ilé, ó bọ́ fìlà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. "Ọmọ mi yìí, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìgbẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó bù nínú rẹ̀ sí ebè mi, n kò mọ̀. Bí ẹ kò bá tíì bó iṣu náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ti bó o, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fọ ọ̀bẹ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó sọ iṣẹ́ mi bí iṣẹ́ mi ti rí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ilé kẹrin, ìyá arúgbó orí àtẹ̀gùn yẹn ló jáde sí wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Alàgbà," ni ó wí, "mo ti jẹ ẹ́. Ó sì dùn. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, níbo lẹ rò pé à ń yàgbẹ́ sí? Ṣebí inú oko náà ni?" Èmi ìbá rẹ́rìn-ín bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó sì dúró títí ìyá náà fi fọ ọwọ́ rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, kó tó di pé wọ́n wàásù, ó dìde nínú ìjọ. "Èsì tí mo fọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò pé," ni ó wí, ó sì sọ èyí tó kù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìtìjú rẹ̀ bò mí ju bí ìtìjú tèmi ìbá ti bò mí lọ.

Ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn. Mo ka ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí aláboyún ṣe ń ka oṣù, kò sí ẹni tó ṣàìsàn. Alùfáà ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí ilẹ̀ náà sinmi fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, bí òkìtì. Bàbá mi gbà. Ó fi àwọn iṣu tó kù sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kí wọ́n jẹrà. Ní ibi iṣẹ́, wọn kò lé mi, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta n kò rí ṣọ́bìrì mú. Agolo ni Alùfáà fi mí sí. Mo ń ṣí i, mo ń gbóòórùn rẹ̀, mo ń dé e padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbó. Mo kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dé agolo padà láìbínú.

Nínú ilé, ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Bàbá mi kò jẹ́ kí n bá òun bó iṣu mọ́. Bí mo bá mú ọ̀bẹ, á na ọwọ́ sí i, màá sì fi fún un, á bó o fúnra rẹ̀. Kò bínú, kò bú mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá mi ṣàwàdà pàápàá. Mo ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi títí ó fi bó. Kò yí nǹkan kan padà, nítorí pé kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń wò lára ọwọ́ náà.

Ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Láti ìgbà náà kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́, kò sì jẹ iṣu mọ́. Ẹ̀kọ ló ń jẹ, tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí aládùúgbò bá sè wá. Bí mo bá ní kí n se iṣu fún un, á ní kò wu òun. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Oko ti sinmi tó. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbin ebu tí a fi owó rẹ̀ rà, mo fi koríko dé e. Nígbà tí ìkórè kù ọ̀la, mo wa iṣu. Kò tó itan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pá. Mo yan èyí tó dára jù àti èyí tó kéré, mo gbé wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Pásítọ̀ ti sọ fún mi ṣáájú pé bí mo bá gbé e wá, kí n dáhùn pé ọwọ́ bàbá mi ni, pé ìjọ á gbà á bẹ́ẹ̀, pé á tu bàbá nínú.

Bàbá mi fi ọwọ́ òsì pa èyí tó dára jù lára láti orí dé ìdí. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí jáde ketekete.

"Ọwọ́ ta ló gbìn ín?"

Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ebu rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ni mí. Ojú tó fi wò mí kò le rárá, ojú ẹni tí nǹkan ń wù ni. Ó wù mí kí n fún un ní èsì tí Pásítọ̀ fi sí mi lẹ́nu.

"Ọwọ́ mi ni, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ ò dé oko lọ́dún yìí."

"Kí ló wà lábẹ́ koríko?"

"Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ nìkan ni."

Ó fi ọwọ́ òsì wá abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì yí i padà kí èèkù rẹ̀ lè kọjú sí mi.

"Gbé ńlá lọ lọ́la," ni ó wí. "Bí o ti dá mi lóhùn yẹn ni kó o dá wọn lóhùn. Bó kékeré fún mi."

Mo lọ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà wá, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì bó o, òun náà ń wo ọwọ́ mi títí mo fi bó o tán.